Àdúrà Fún Ìdàgbà Ìfẹ́ Láàrin Àwọn Ará

Àwọn àgbà ìlú Ìkòròdú a máa sọ fún wa pé ní àtijọ́, oko òdú ni ilẹ̀ tí ìlú wa dúró lé lórí lónìí, àti pé láti inú orúkọ oko náà ni orúkọ ìlú ti jáde wá. Òdú, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ẹ̀fọ́ tí ó ń hù ní ẹ̀bá ilé ni, tí ó ń hù ní etí àkìtàn, tí ẹnikẹ́ni kì í rìn jìnnà kí ó tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbin òdú rí yóò jẹ́rìí sí i pé, bí a bá fi í sílẹ̀ láìjá, yóò gùn sókè, yóò so èso dúdú wẹ́wẹ́, ewé rẹ̀ yóò sì kéré, yóò sì le. Bí a bá sì ń já a déédéé, níbi tí a ti já ẹyọ kan ni yóò ti yọ méjì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mo ti rí ìfẹ́ láàrin àwa onígbàgbọ́. Kì í ṣe àìmọ̀ fún wa. Kò sí ìpàdé àdúrà kan tí a kì í dárúkọ rẹ̀, kò sì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò lè sọ pé ìfẹ́ ni ó tóbi jù. Ẹnu wa ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa fi ìfẹ́ sí àárin wa fi ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìkíni òwúrọ̀, tí a ń kí, tí a sì ń kọjá lọ. Èmi pẹ̀lú ti gbà á ní àdúrà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí bí àdúrà náà ti di ohun tuntun fún mi, àti ohun tí ó ná mi.

Katikíìsì ni mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì ti gba ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ wa bí a ti ń to àdúrà: ìyìn ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ìjẹ́wọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ìdúpẹ́, kí ẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀lé e. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni a ti kọ́ wa láti yẹ àwọn àdúrà Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì wò lẹ́sẹẹsẹ, pàápàá jùlọ èyí tí ó gbà fún ìjọ Fílípì nígbà tí ó kọ̀wé sí wọn láti inú ìdè. Mo ti fi àdúrà náà kọ́ni ní ìgbà púpọ̀, ohun mẹ́rin ni mo sì máa ń pe àkíyèsí àwọn ọmọ sí nínú ìwé náà.

Èkíní, Pọ́ọ̀lù dúpẹ́ kí ó tó bẹ̀bẹ̀; kò bẹ̀rẹ̀ láti inú àìdára wọn, inú oore tí ó ti rí lọ́wọ́ wọn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kò bẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé kò sí ìfẹ́ láàrin wọn rárá. Èyí tí ó ti wà ni ó ní kí ó máa pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta, ó so ìfẹ́ náà mọ́ ìmọ̀ àti ìmòye, nítorí ìfẹ́ tí kò mọ ẹni tí ó ń fẹ́, afọ́jú ni. A lè fi í ṣe ẹni náà léṣe. Ẹ̀kẹrin, kí ó tó parí ìwé rẹ̀, ó dárúkọ àwọn obìnrin méjì, Éúódíà àti Síńtíkè, tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ nínú ìhìnrere, ó sì bẹ̀ wọ́n kí inú wọn lè ṣọ̀kan. Kò sọ ohun tí ó fa ìjà wọn, kò sì sọ ẹni tí ó jàre.

Mo mọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Síbẹ̀ ọjọ́ kan wà tí mo mọ̀ pé n kò tí ì ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Ìjọ kékeré kan ni mo ń tọ́jú nígbà náà, ní ọ̀kan nínú àwọn ìletò tí ó wà ní bèbè ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú. Apẹja àti àgbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Àwọn obìnrin ń yan ẹja, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà. Àlùfáà a máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti fún wa ní Oúnjẹ Olúwa. Ní àwọn Ọjọ́ Ìsinmi yòókù, èmi ni mo ń ka Àdúrà Òwúrọ̀ àti ti Àṣálẹ́, tí mo sì ń wàásù. Ní ìgbà òjò ọdún kan, ìjì ńlá jà, ó sì ṣí páànù ilé ìsìn wa dé ìdajì. Ìjọ dá owó. Ẹni tí kò ní owó mú ẹja wá, a sì tà á. Wọ́n kó owó náà fún mi kí n lọ ra páànù, ìṣó àti pákó ní ìgboro, mo sì rà wọ́n. Káfíńtà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òjò kò sì rọ̀ lé wa lórí mọ́. Owó díẹ̀ ṣẹ́kù, mo fi ra ọ̀dà dúdú, mo sì fi kun pátákó ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. N kò fi kọ́bọ̀ kan sí àpò ara mi. Ṣùgbọ́n n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó ra ọ̀dà náà, n kò sì ka ìṣirò owó náà sí etígbọ̀ọ́ ìjọ.

Bàbá kan wà nínú àwọn àgbà ìjọ náà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí mo ka ìkéde tán, ó di ẹ̀yìn ìjókòó mú, ó dìde, ó sì wí pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, owó páànù tí a dá, èló ni a ná, èló ni ó kù?" Ó sì jókòó.

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi lára. Mo rí ìyàwó mi tí ó tẹjú mọ́lẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ tí wọ́n ń wo mi, tí wọ́n sì ń wo Bàbá. Mo dáhùn pé ìwé ìṣirò wà nílé, ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kí ó wá. Lójú ẹsẹ̀ mo kéde orin, a sì kọ ọ́.

Oṣù méje ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá pàdé Bàbá lọ́nà, èmi a dọ̀bálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n àyà mi kì í bá mi dọ̀bálẹ̀. Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, èmi ni mo máa ń gba àdúrà ìkẹyìn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé àwọn kan wà láàrin wa tí ọkàn wọn le, kí ó rọ ọkàn wọn, kí ó mú kí ìfẹ́ wọn pọ̀ sí i sí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ṣe Àmín. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí mo ń bá wí. Òwe ni mo ń pa mọ́ Bàbá, mo sì fi aṣọ àdúrà bò ó. Àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Láìpẹ́, ìjọ pín sí méjì láìsí ẹni tí ó pín in: àwọn tí wọ́n ń kí mi tayọ̀tayọ̀ kì í jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé Bàbá kì í dúró lẹ́yìn ìsìn mọ́. Ìdílé kan tí ọ̀rọ̀ náà sú kúrò láàrin wa pátápátá.

Ní òpin oṣù keje yìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀kọ́ náà sì bọ́ sí orí àdúrà Pọ́ọ̀lù fún àwọn ará Fílípì. Mo ka ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ, ọmọ ọmọ Bàbá, na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ràn nìkan ni ó ń gbàdúrà fún, àbí ó ń gbà fún àwọn tí ó ṣẹ̀ ẹ́ náà?"

Mo ní ó ń gbà fún gbogbo wọn.

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbàdúrà fún Bàbá wa àgbà? Nítorí wọ́n máa ń dárúkọ yín ní alaalẹ́ bí a bá ń gbàdúrà nílé."

Ọmọ náà kò béèrè láti dá mi lójú tì. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo sọ fún un pé kí ó jókòó, pé ìbéèrè dáradára ni. N kò rántí ohun tí mo fi parí ẹ̀kọ́ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ará ilé ti sùn, mo kúnlẹ̀, mo sì dárúkọ Bàbá níwájú Ọlọ́run. Mo dákẹ́. Mo ti gbàdúrà nípa ọkùnrin yìí fún oṣù méje, n kò sì tí ì dárúkọ rẹ̀ rí. Bí mo ti dárúkọ rẹ̀ tán, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti máa ń sọ kò ṣe é sọ mọ́, nítorí ó rọrùn láti rojọ́ nípa àwọn kan tí ọkàn wọn le, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rojọ́ ẹni tí a mọ ojú rẹ̀ fún Ẹni tí ó dá a. Mo rántí pé Pọ́ọ̀lù dúpẹ́ ní àkọ́kọ́. Mo wá ohun tí mo lè dúpẹ́ fún, ó sì pẹ́ kí n tó rí i. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ìletò náà, ọkọ̀ ojú omi Bàbá ni ó kó ẹrù wa, kò sì gba owó. Mo rántí òru tí ibà mú ọmọ wa kejì, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tí kò sí ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà. Bàbá yìí kan náà ni ó jí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, tí wọ́n wà wá lórí omi dé ibi tí dókítà wà. Ọmọ náà ń bẹ láàyè. Báwo ni mo ti ṣe gbàgbé? Mo dúpẹ́, ojú sì ti mí bí mo ti ń dúpẹ́.

Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀bẹ̀, tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìfẹ́ tí ó ní ìmọ̀, mo rí i pé n kò mọ̀ rárá ìdí tí Bàbá fi béèrè ọ̀rọ̀ owó náà. Mo ti pinnu ní ọkàn mi pé ó kórìíra mi, n kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò rí bí mo ti lè máa bá àdúrà náà lọ láì lọ sí ilé rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo bá a ní etí omi níbi tí ó ti ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀ o, Tíṣà. Ẹ jókòó."

Mo jókòó lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. "Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín."

"Ẹ kò tí ì sọ ohun tí ẹ ṣe."

"Ọ̀rọ̀ owó páànù ni. Ẹ béèrè, èmi kò dáhùn."

Ó so ojú àwọ̀n bíi mẹ́ta sí i kí ó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ìtàn kan fún mi tí ẹnikẹ́ni kò tí ì sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti dé ìletò náà. Ní ìgbà tí ó ṣì wà ní agbára rẹ̀, ìjọ dá owó láti mọ ògiri ilé ìsìn, òun ni a sì rán láti máa gba owó náà láti ilé dé ilé. Ó gbà á pé, ó sì fi í lé ẹni tí ó yẹ lọ́wọ́. Owó náà kò dé ibi tí a rán an. Kò sí ẹni tí ó ka ìṣirò, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti sọnù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìletò mọ ẹni tí ó wá sí ẹnu ọ̀nà wọn gba owó. Wọ́n pè é ní olè nínú ọjà. Odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, àwọn ènìyàn kò ra ẹja lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti kú, ó sì mú ẹ̀gàn yẹn lọ sí ibojì.

"Láti ọjọ́ náà," ni Bàbá wí, "ni mo ti sọ pé, bí mo bá wà láàyè, a kò ní dá owó ní ìjọ yìí mọ́ kí a má ka ìṣirò rẹ̀. Kì í ṣe pé mo bínú sí ọ, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o kò jalè. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Mo ní kí n béèrè ní gbangba, kí o lè dáhùn ní gbangba, kí ẹnu wọn lè pa. O kò sì dáhùn."

Ẹ kíyèsí i pé ní ilé ìsìn, nítorí iṣẹ́ mi, ẹ̀yin ni Bàbá máa ń pè mí. Ní etí omi yìí ni ó kọ́kọ́ pè mí ní ìwọ, bí baba ti ń pe ọmọ rẹ̀. N kò tí ì gba oyè kan tí ó dùn mọ́ mi tó èyí.

Mo sọ fún un pé ọmọ ọmọ rẹ̀ wí pé ó ń dárúkọ mi nínú àdúrà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mo ń dárúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé kí ó rẹ ìgbéraga rẹ sílẹ̀, kí ojú lè tì ọ́. Lẹ́yìn náà ó sú mi. Ènìyàn kò lè máa dárúkọ ẹnìkan ní alaalẹ́ títí, kí ó sì tún máa fẹ́ ibi fún un. Orúkọ rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá orúkọ àwọn ọmọ mi rìn pọ̀."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo ka ìṣirò owó páànù níwájú ìjọ, láti orí páànù dé orí ìṣó. Mo jẹ́wọ́ ọ̀ràn ọ̀dà dúdú, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí jì mí, nítorí owó wọn ni, kì í ṣe tèmi. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn. Ìyá kan wí pé òun kò mú ẹja òun wá fún ọ̀dà. Mo gbà pé òtítọ́ ni. Ìjọ pinnu pé láti ọjọ́ náà, ènìyàn méjì ni yóò máa di ìwé owó mú, àti pé a ó máa kà á ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀rín padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó ti kúrò kò padà títí mo fi kúrò ní ìletò náà. Bí mo bá ń gbàdúrà fún ìfẹ́ lónìí, mo máa ń dárúkọ wọn pẹ̀lú, nítorí èmi ni mo lé wọn lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn ka ìtàn ìjọ wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá, nítorí ó kan gbogbo wa tí ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá.

Ní 1821, a kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní Òṣóògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọjà kan ní bèbè ọ̀sà, tí òun fúnra rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní Ìkòsì nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ Ìkòsì sì wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀rù omi ńlá náà bà á, nítorí kò rí irú rẹ̀ rí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Èkó. Ọmọ náà ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1864, ní Kántábérì, a yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Òun ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹgbẹ́ C.M.S. rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan wá sí iṣẹ́ ìhìnrere ní Odò Ọya, lára wọn ni Graham Wilmot Brooke àti John Alfred Robinson. Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn lásán ni wọ́n. Wọ́n fi ara wọn jì fún iṣẹ́ náà. Wọ́n wọ aṣọ bí ti àwọn Hausa, wọ́n sì gbé bí wọ́n ti ń gbé. Wọ́n jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn àdúrà, tí ó sì ń lépa ìwà mímọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí Bíṣọ́ọ̀bù ti ń bá ṣiṣẹ́, àìdára wọn nìkan ni wọ́n rí. Ní oṣù kẹjọ 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó tí a ṣe ní Onitsha, a dá àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà dúró, a kò sì ka ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà sí. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà.

Kì í ṣe pé kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ Odò Ọya. Ó wà, ó sì yẹ kí a wádìí rẹ̀, bí ó ti yẹ kí a béèrè owó páànù lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yàtọ̀ sí ìdájọ́. Bàbá ìletò wa béèrè kí n lè dáhùn. Ní Onitsha, ìdájọ́ ti wà ní ọkàn àwọn kan kí wọ́n tó jókòó. Ìtara wọ́n ní, àdúrà wọ́n ní. Ìmọ̀ nípa arákùnrin wọn ni wọn kò dúró gbà. Robinson kú ní 1891. Crowther fúnra rẹ̀ kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún náà. Brooke kú ní 1892. Ọdún méjì kò tí ì pé lẹ́yìn ìpàdé náà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ti kúrò láyé. Ó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a ti ya Crowther sí mímọ́, kí Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kántábérì nígbà náà, tó tọrọ ìdáríjì ní gbangba nínú ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà, nítorí ohun tí a ṣe sí i. Mo dúpẹ́ fún ọjọ́ náà. Síbẹ̀, mo ń ronú nípa àwọn ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà tí ó wà láàrin. Oṣù méje mi nínú ìletò kékeré náà ti ná wa ní odidi ìdílé kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èmi kì yóò sọ pé kí ẹ má ṣe gbàdúrà fún ìfẹ́ àwọn ará. Ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ nínú iyàrá wa, níbi tí ẹni náà kò ti lè gbọ́ pé a ń pa òwe. Ẹ jẹ́ kí a wá ohun kan láti dúpẹ́ fún lórí rẹ̀ kí a tó tọrọ ohun kan fún un. Bí a kò bá sì rí i, àwa ni kò tí ì wò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí a kò mọ̀. Bí a bá sì ní ìwé ìṣirò tí ó yẹ kí a ṣí, ẹ jẹ́ kí a ṣí i, nítorí èyí pẹ̀lú jẹ́ ara ìfẹ́. Nígbà tí ọmọ méjì bá jà ní kíláàsì, a máa ń pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ ara wọn, wọ́n a sì fi ẹnu bẹ̀, ojú wọn a sì wà lókè. Mo ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: mo ń ní kí olúkúlùkù sọ oore kan tí èkejì ti ṣe rí. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ọmọ tí ó sọ ọ́ tán tí ojú rẹ̀ kò rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹni tí ó mú pẹ́ńsù yín tí kò dá a padà, ẹni tí ó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ìṣeré, ẹ dárúkọ rẹ̀ ní alẹ́ òní. Bí ó bá jẹ́ ìbínú ni ẹ fi dárúkọ rẹ̀ ní àkọ́kọ́, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró. Bàbá ìletò wa pẹ̀lú fi ìbínú bẹ̀rẹ̀.

Bàbá náà ṣì wà láàyè, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn Àjíǹde tí ó kọjá, ó sọ fún mi pé katikíìsì tí ó dé lẹ́yìn mi kọ́kọ́ bínú nígbà tí òun béèrè ìṣirò owó ìkórè. "Mo ti ń dárúkọ rẹ̀," ni ó wí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ se ẹ̀fọ́ òdú fún wa, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní ẹ̀yìn ilé, a sì jọ jẹun nínú àwo kan.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó gbin ìfẹ́ sí àárin wa, kí ó mú kí ó máa pọ̀ sí i, kí ó sì fún wa ní ojú láti fi mọ ara wa. Àmín.